"Olè!": Ìgbà tí èébú jẹ́ àwàdà àti ìgbà tó ń di ẹjọ́

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni "olè." Bí ìyá kan ní Koro bá ká ọmọ rẹ̀ mọ́ ibi tó ti ń yọ ẹran nínú ìkòkò ọbẹ̀, ó lè pè é ní "olè kékeré," kí gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Bí awakọ̀ méjì bá ń jà sí èrò ní gáréèjì Osi, "olè ni ẹ́!" lè jáde lẹ́nu ọ̀kan, tó bá sì fi máa di ìrọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì ti jọ ń jẹun. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá pe rédíò láti Iloffa, tó dárúkọ akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tó ní olè ni, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní àwàdà. Bí wọ́n bá sì pariwo "olè! olè!" lé àlejò lórí láàrin ọjà, ẹ̀mí lè bọ́ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tó yí padà ni ẹni tó sọ ọ́, ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí, ibi tí wọ́n wà, àti pàápàá jù lọ, ohun tí àwọn tó gbọ́ ọ máa gbà gbọ́ àti ohun tí wọ́n máa ṣe. Ìyẹn ni ìwọ̀n tí a fi ń wọn èébú, nílé, láàrin ọjà, nílé ẹjọ́ àti lórí afẹ́fẹ́.

Ohun tí ilé ẹjọ́ sọ ní 1959

Ọ̀rọ̀ "olè" yìí ti dé ilé ẹjọ́ rí. Ní ọdún 1959, ilé ẹjọ́ gíga ti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà àtijọ́ dá ẹjọ́ kan tí àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń tọ́ka sí títí dòní, ìyẹn ẹjọ́ Bakare àti Ishola. Ìjà ló bẹ́ sílẹ̀. Nínú ìbínú, ẹnì kan pe ẹnìkejì ní olè àti ẹlẹ́wọ̀n, ó ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀wọ̀n dé ni. Ẹni tí wọ́n bú gba ilé ẹjọ́ lọ, ó ní wọ́n ba òun lórúkọ jẹ́.

Adájọ́ kò gbà fún un. Ohun tó sọ ni pé gbogbo ayé ló mọ̀ pé báyìí ni àwọn èèyàn ṣe máa ń bú ara wọn kí ìjà tó wọ̀, àti pé kò sẹ́ni tó ń ka "olè" àti "ẹlẹ́wọ̀n" sí ẹ̀sùn gidi lásìkò bẹ́ẹ̀. Ìbínú ló ń sọ̀rọ̀. Èébú lásán ni òfin ka irú rẹ̀ sí, kì í ṣe ìbanilórúkọjẹ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé adájọ́ ti fún aráàlú ní ìwé àṣẹ láti máa bú èèyàn o. Ìdájọ́ yẹn ní ààlà. Bí wọ́n bá fi ara balẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà, tí kò sí ìjà kankan nílẹ̀, àwíjàre yẹn kò dúró mọ́. Bí ẹni tó sọ ọ́ bá fi àlàyé kún un, pé iye owó báyìí ló jí, ọjọ́ báyìí ló jí i, ó ti kúrò ní èébú, ó ti di ẹ̀sùn. Bí ó bá sì jẹ́ pé ṣe ni ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ṣòro kó tó sọ pé inú ló bí òun, torí ẹni tó jókòó kọ ọ̀rọ̀ ti ní àyè láti rò ó.

Nǹkan mìíràn tún wà. Kwara ń lo Òfin Ìwà Ọ̀daràn ti àríwá, tó ti wà láti 1960. Òfin náà ka á sí ẹ̀ṣẹ̀ bí ẹnì kan bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ìwọ̀sí kan ẹlòmíràn kí ìjà lè ti ibẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàrin ìlú. Nítorí náà, èébú tí kò di ìbanilórúkọjẹ́ ṣì lè gbé èèyàn dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Ẹni tó sọ ọ́ àti bó ṣe sọ ọ́

Nínú èdè Yorùbá, ohùn nìkan tó láti sọ ìkíni di èébú. "Ìyá ẹ ńkọ́?" jẹ́ ìkíni tó dára láàrin ojúgbà. Yọ "ńkọ́" kúrò, kí o fi agídí sọ ọ́, "Ìyá ẹ!", ìjà dé nìyẹn. "Ọdẹ" jẹ́ ẹni iyì tó ń ṣọ́ ìlú, "ọ̀dẹ̀" sì jẹ́ ẹni tí kò gbọ́n. "Wéré" ni orin ìgbà ààwẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí èèyàn sí sààrì, tí orin fújì ti jáde wá. "Wèrè" sì rèé, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń fi fóònù kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, kó rántí pé ẹni tó ń ka á lè pè é sí ibi tí òun kò rò.

Ọjọ́ orí náà ń sọ̀rọ̀. Àgbàlagbà lè pe ọmọ ní "òmùgọ̀" kí wọ́n kà á sí ìbáwí, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá dá a padà ti rí ìjà àwọn òbí. Síbẹ̀, àyè tí àgbà ní kì í ṣe ti àìlópin. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní "olódo" lójoojúmọ́ ní kíláàsì kò gbọ́ ìbáwí mọ́, orúkọ ló ń gbọ́.

Láàrin àwọn ọ̀rẹ́, òdì kejì ni. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní á ní "wèrè ni bọ̀bọ́ yìí!" nígbà tí agbábọ́ọ̀lù bá gbá góòlù tó dùn, tàbí "orí ẹ burú!" fún ẹni tó ṣe ohun ribiribi. Ìyìn ni, kò sì sí ẹni tó bínú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ wọn, tó bá ya ọ̀rọ̀ yẹn lò, á rí i pé ìyìn lè di èébú kíá.

Èébú inú oríkì àti òwe

Oríkì pàápàá máa ń gbé ohun tó dà bí èébú. Oríkì Ìbàdàn sọ ọ́ gbangba pé ní ìlú náà, olè a máa jàre ẹni tó ni nǹkan. Ọmọ Ìbàdàn tó gbọ́ ọ lẹ́nu akéwì á wú, á tún náwó. Ogun àtijọ́ àti agbára ìlú rẹ̀ ló ń gbọ́ níbẹ̀. Jẹ́ kí àlejò sọ ohun kan náà fún un níbi tí wọ́n ti ń du ilẹ̀, kí o wá wo ojú rẹ̀.

Nípa òwe, àwọn àgbà ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń gbé ọ̀rọ̀ tó wúwo kalẹ̀. Bí òwe bá ní ọ̀rọ̀ ìdí tàbí ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ nínú, ẹni tó fẹ́ pa á á kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó jókòó. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé ló ń pòwe níwájú àgbà, á ní "tótó, ó ṣe bí òwe o." Gbólóhùn kékeré yẹn ń sọ fún gbogbo olùgbọ́ pé òwe ló ń bọ̀, kì í ṣe èèyàn ni wọ́n fẹ́ bú.

Ọjọ́ tí ìlú fàyè gba èébú

Yorùbá tún ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún un. Ní Ìbàdàn, nígbà ọdún Òkè'Bàdàn tí wọ́n máa ń ṣe ní oṣù kẹta, tí Abókè jẹ́ àwòrò rẹ̀, àwọn èèyàn máa ń rìn kiri ìgboro pẹ̀lú orin èébú. Wọ́n á dárúkọ ojú ara ọkùnrin àti ti obìnrin láìfi bò, wọ́n á kọ ọ́ sí ẹni tó ń kọjá lọ, ẹni náà kò sì gbọdọ̀ bínú. Ọjọ́ náà nìkan ló ní àyè yẹn. Ẹni tó bá kọ orin kan náà lọ́jọ́ kejì ń wá ìjà ni.

Ní ìhà Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, àti láàrin àwọn Yewa ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Lóru ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde. Á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi orin tú àṣírí oníwà burúkú, ìbáà jẹ́ olóyè. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ogún àtàtà fún gbogbo ayé ní 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ wọn ní 2008.

Ohun tó jọra nínú méjèèjì ni pé ìlú ló fún èébú ní àyè. Gbogbo èèyàn mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì mọ ìgbà tó parí. Kò sẹ́ni tó dá àṣẹ náà fún ara rẹ̀.

Orúkọ ẹ̀yà, orúkọ àìsàn

Ní Kwara, "Gàmbàrí" jẹ́ àpẹẹrẹ tó sún mọ́lé. Orúkọ tí Yorùbá ń pe Hausa láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Ní Ìlọrin, ó wà nínú oyè Balógun Gàmbàrí, ó sì wà nínú orúkọ Ẹ́mía Ìlọrin, Alhaji Ibrahim Sulu-Gambari, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1995. Orúkọ iyì ni níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, bí wọ́n bá fi pe ẹnì kan láti fi hàn pé kò mọ nǹkan kan, tàbí pé kí ó kúrò láàrin àwọn èèyàn, èébú ni. Ìhà Koro, Osi àti Iloffa súnmọ́ ìpínlẹ̀ Èkìtì àti Kogi, onírúurú èèyàn ló sì ń ná ọjà ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ẹnì kan ṣẹ̀, kó dárúkọ ohun tí ẹni náà ṣe, kó fi ẹ̀yà rẹ̀ sílẹ̀.

Ti àìsàn àti ara náà nìyẹn. "Àgàn" ń dun obìnrin tó ń wá ọmọ ju bí ẹni tó sọ ọ́ ṣe rò lọ. "Adẹ́tẹ̀" máa ń lẹ̀ mọ́ èèyàn títí ayé, bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn wà tó ń wo ẹ̀tẹ̀ sàn pátápátá. Àwọn àgbà pe afín àti abuké ní ẹni òrìṣà, kí ẹnikẹ́ni má baà fi wọ́n ṣẹ̀sín. Lórí rédíò lónìí, "àkàndá ẹ̀dá" ló wọ́pọ̀. Láti oṣù kìíní 2019 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó lè pa èèyàn

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ààlà wọn kò gbọdọ̀ jìnnà sí ọkàn. Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹwàá, 2012, ní Aluu ní ìpínlẹ̀ Rivers, àwọn èrò lu akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin pa, wọ́n sì dáná sun wọ́n, lẹ́yìn tí wọ́n pariwo olè lé wọn lórí. Ọ̀rọ̀ tí adájọ́ 1959 pè ní ìbínú lásán ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn tó gbọ́ ọ gbà á gbọ́, òkúta àti igi sì wà lọ́wọ́ wọn.

"Àjẹ́" náà ń bẹ nínú irú ọ̀rọ̀ yìí. Bí wọ́n bá ní "àjẹ́ ni ọmọ yìí nínú ìṣirò," ìyìn ni. Bí wọ́n bá sọ ọ́ sí arúgbó opó lẹ́yìn tí ọmọdé kú ní àdúgbò, ẹ̀mí rẹ̀ ti wà nínú ewu. Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí Kwara ń lò ka fífi ẹ̀sùn àjẹ́ kan èèyàn sí ẹ̀ṣẹ̀.

Lórí rédíò àti WhatsApp

Olùgbọ́ rédíò kì í rí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Kò mọ̀ bóyá ó ń rẹ́rìn-ín, kò rí ìjà tó ṣáájú. Ẹni tó ń gbọ́ ní oko àti ẹni tó ń gbọ́ nínú ọkọ̀ lè má gbọ́ ju gbólóhùn kan lọ. Nítorí náà, àwíjàre pé "inú ló bí mi" kì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò lórí afẹ́fẹ́.

Ilé iṣẹ́ rédíò náà ń jẹ nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2020, àjọ NBC, tó ń bójú tó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ láti 1992, gbé owó ìtanràn ọ̀rọ̀ ìkórìíra kúrò ní 500,000 náírà sí mílíọ̀nù 5. Lóṣù náà gan-an ni wọ́n ní kí Nigeria Info 99.3 FM ní Èkó san mílíọ̀nù 5 nítorí ohun tí àlejò kan sọ lórí ètò wọn. Ní oṣù karùn-ún 2023, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Abuja sọ pé NBC kò ní agbára láti máa bu owó ìtanràn lé ilé iṣẹ́ lórí. Ṣùgbọ́n NBC ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ, ẹni tí wọ́n sì bà lórúkọ jẹ́ ṣì lè lọ sílé ẹjọ́.

Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Ayélujára ti 2015 kọ́kọ́ gbòòrò débi pé ọ̀rọ̀ tó kan rí ni lára lè gbé èèyàn lọ sẹ́wọ̀n. Ilé ẹjọ́ ECOWAS ní kí Nàìjíríà tún apá 24 rẹ̀ ṣe ní 2022, wọ́n sì tún un ṣe ní 2024. Ní báyìí, lára ohun tó kù níbẹ̀ ni ohun ìwòkuwò, àti irọ́ tí ẹni tó fi ránṣẹ́ mọ̀ pé irọ́ ni, tó fẹ́ fi dá ìlú rú tàbí fi ẹ̀mí èèyàn sínú ewu.

Kí ẹ tó sọ ọ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ kan yẹ kó jáde, kó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ́ sí máa rẹ́rìn-ín? Ṣé àwọn tó ń gbọ́ mọ̀ pé àwàdà ni, tàbí wọ́n á gbà á gẹ́gẹ́ bí òótọ́? Bí wọ́n bá sì gbà á gbọ́, kí ni wọ́n lè ṣe fún ẹni náà?

Ìbéèrè wọ̀nyí kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀sùn mì o. Ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí kò mọ ibi tí owó wà kò gbọdọ̀ dákẹ́. Kó sọ ohun tó mọ̀: "A dá owó láti oṣù kìíní, a kò tíì rí ìwé ìṣirò kankan, a fẹ́ kí akápò wá ṣàlàyé fún wa." Gbólóhùn yẹn lágbára ju "olè ni" lọ, torí akápò gbọ́dọ̀ dáhùn rẹ̀. Bí wọ́n bá pè é ní olè, èébú náà ló máa dáhùn, owó ẹgbẹ́ á sì wà níbi tó wà.