São Tomé sí Uli: Bí ogun Biafra ṣe sọ ìrìnàjò bàálù 600 kìlómítà di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè

Tí èèyàn bá wọ̀n ọ́n lórí máàpù, láti erékùṣù São Tomé dé Uli, nítòsí Ihiala ní ìpínlẹ̀ Anambra òde òní, kò ju bíi 600 kìlómítà lọ. Bàálù ńlá ìgbà náà, tó lè sá tó 500 kìlómítà ní wákàtí kan, kò yẹ kó pẹ́ lójú ọ̀run rárá.

Àmọ́ láàárín ọdún 1968 sí 1970, kò sí awakọ̀ bàálù tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun á dé.

Uli kì í ṣe pápákọ̀ òfurufú gidi. Títì ọlọ́dà ni, tí ìjọba Biafra fẹ̀ kí bàálù lè balẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ọmọogun ìjọba àpapọ̀ gba Port Harcourt ní oṣù Karùn-ún ọdún 1968, Biafra kò ní ojú omi mọ́. Ibẹ̀ ni iyọ̀, mílíìkì àti panla ń gbà wọlé fún àwọn ọmọ tí ebi ti sọ di eegun.

Òru ni, iná ò sì gbọdọ̀ tàn

Òru ni wọ́n ń fò, kí bàálù ogun Nàìjíríà má baà rí wọn. Awakọ̀ á pa gbogbo iná bàálù. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó fẹsẹ̀ kanlẹ̀ ni wọ́n ń tan iná títì Uli, kíá ni wọ́n sì tún ń pa á.

Lókè níbẹ̀, bàálù ìjọba àpapọ̀ ń yípo, ó ń retí iná yẹn kó lè ju bọ́ǹbù. Ẹni tó tètè dé lè máa yí lójú ọ̀run títí, kó má rí àyè balẹ̀, kó sì gbé ẹrù rẹ̀ padà. Ẹni tó ráyè balẹ̀ gbọ́dọ̀ já ẹrù kíá, kó sì kúrò kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìdí nìyí tí jíjìnnà ibi tí bàálù ti gbéra fi ṣe pàtàkì. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ kúrú lè lọ, kó bọ̀, kó tún lọ lóru kan náà.

Erékùṣù Fernando Po, tí wọ́n ń pè ní Bioko báyìí, ló sún mọ́ Uli jù, bíi 300 kìlómítà péré. Ibẹ̀ ni Red Cross ń lò. Ṣùgbọ́n Equatorial Guinea gba òmìnira lọ́wọ́ Spain ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 1968, ìjọba tuntun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí wọn lọ́wọ́.

Ni Red Cross bá lọ bá Ààrẹ Émile Derlin Zinsou ti Dahomey, tó ti di orílẹ̀èdè Benin lónìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1969, bàálù oúnjẹ Biafra ń gbéra ní Cotonou, lẹ́bàá Èkó níbi tí Ọ̀gágun Gowon jókòó sí! Láti ibẹ̀ dé Uli tó bíi 500 kìlómítà.

Ta ló ń dáàbò bo ta?

Ìjọba Gowon ní bàálù tó ń kó ìbọn àti èyí tó ń kó oúnjẹ jọ ń balẹ̀ sí Uli lóru kan náà ni, òótọ́ sì ni. Ó fẹ́ kí wọ́n máa fò lọ́sàn-án, lẹ́yìn àyẹ̀wò. Ojukwu kọ̀, ó ní ìjọba àpapọ̀ lè fi ìyẹn bojú ṣe ìkọlù sí Uli. Àwíjàre àwọn méjèèjì fẹsẹ̀ múlẹ̀, àmọ́ àwọn ọmọdé kò jókòó síbi ìjíròrò náà.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1969, kí ilẹ̀ tó ṣú tán, bàálù ogun Nàìjíríà yìnbọn lu bàálù Red Cross kan nítòsí Eket. Gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Bí Red Cross ṣe dáwọ́ dúró nìyẹn.

Àwọn ìjọ Àgùdà àti Pùròtẹ́sítáǹtì, lábẹ́ àjọ Jointchurchaid, kò dúró. Láti São Tomé, tó jìnnà ju Fernando Po àti Cotonou lọ, ìrìnàjò wọn lé ní 5,000.

Ní oṣù Kínní ọdún 1970, Uli yìí kan náà ni Ojukwu ti wọ bàálù lọ sí Côte d'Ivoire. Ogun parí ní ọjọ́ 15 oṣù náà. Gowon ní òun ò fẹ́ ìrànwọ́ kankan láti ọ̀dọ̀ Jointchurchaid, oúnjẹ tó kù ní São Tomé kò sì ríbi balẹ̀ mọ́.