Àwọn Bátwà

Àwọn Bátwà ni ọmọ onílẹ̀ igbó ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ùgáńdà. Ìbátan wọn wà ní Rùwáńdà, Bùrúńdì àti Kóńgò. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí àgbẹ̀ àti darandaran tó dé. Ọdẹ ni wọ́n tẹ́lẹ̀; wọ́n máa ń wa iṣu igbó, wọ́n sì máa ń gungi kó oyin.

Ní 1991, ìjọba Ùgáńdà sọ igbó Bwindi àti Mgahinga di ọgbà ìpamọ́ ẹranko nítorí àwọn ìnàkí orí òkè, wọ́n sì lé Bátwà jáde. Ọ̀pọ̀ kò rí ilẹ̀ kankan gbà dípò. Ìyà tí kò tọ́ sí wọn rárá nìyẹn: ẹni tó mojú igbó di alágbàṣe lóko olóko. Ní 2021, ilé-ẹjọ́ kan ní Ùgáńdà dá wọn láre lórí bí wọ́n ṣe lé wọn kúrò nínú igbó.