Lílo Àyíká Inú Kọ̀ǹpútà Láti Kọ́ Ọmọ Tí Kò Lè Rìn Ní Ìmọ̀ Ọ̀nà

Kí ni ìṣòro náà?
Ọmọdé máa ń mọ àyíká rẹ̀ nípa rírá, rírìn àti pípinnu ibi tí yóò yà sí. Ọmọ tí àrùn rọpárọsẹ̀ tàbí ìpalára ọpọlọ kò jẹ́ kí ó rìn kì í sábà ní àǹfààní yìí: ẹlòmíràn ni ó ń pọ̀n ọ́n tàbí tí ó ń ti àga onítáyà rẹ̀. Ó lè máa lọ sí ilé ìwé kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó má sì mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa.

Kí ni àyíká inú kọ̀ǹpútà?
Àwòrán ilé tàbí àdúgbò ni, tí ọmọ lè fi bọ́tìnì tàbí ọ̀pá ìdarí rìn kiri nínú rẹ̀.

Kí ni ìwádìí fi hàn?
Ní 1996, Paul Wilson, Nigel Foreman àti Michael Tlauka tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ náà kọ́kọ́ yẹ àwòrán ilé kan wò lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí a mú wọn dé inú ilé náà gan-an, wọ́n nawọ́ sí ibi tí àwọn nǹkan tí wọn kò lè rí wà. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n kàn méfò lọ.

Kí ni ìdí rẹ̀?
Ní 1963, Richard Held àti Alan Hein, ní Amẹ́ríkà, lo ọmọ ológbò méjì-méjì. Ọ̀kan ń rìn. Èkejì jókòó sínú àpótí kékeré tí èkíní ń fà. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń rí, ṣùgbọ́n èyí tí ó rìn nìkan ni ó mọ bí a ṣe ń yẹra fún etí ibi jíjìn. Nítorí náà, wíwò nìkan kò tó. Ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ́ olùdarí.

Ohun tí olùtọ́jú lè ṣe
• Ẹ jẹ́ kí ọmọ di ọ̀pá ìdarí mú fúnra rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá lágbára, kí ó máa sọ ibi tí ẹ óò yà sí.
• Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé kékeré, kí ẹ tó lọ sí èyí tí ó díjú.
• Ẹ bi í pé: “Níbo ni ẹnu ọ̀nà tí a gbà wọlé wà?”
• Lẹ́yìn náà, ẹ mú un lọ sí ibi náà gan-an. Kọ̀ǹpútà kò lè rọ́pò ìjáde.
• Bí òòyì tàbí èébì bá ń gbé e, ẹ dá a dúró. Bí ó bá ní wárápá, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà, nítorí iná tí ń ṣẹ́jú lè fa gìrì fún àwọn kan.

Bí kò bá sí kọ̀ǹpútà ńkọ́?
Ìlànà kan náà ni. Bí ẹ bá ń ti àga rẹ̀ lọ sí ọjà tàbí ilé ìwòsàn, ẹ dúró ní oríta, kí ẹ jẹ́ kí ó júwe ọ̀nà. Bí ó bá tilẹ̀ ṣì í, ẹ tẹ̀ lé e díẹ̀ bí kò bá sí ewu, kí òun fúnra rẹ̀ lè rí àṣìṣe náà, kí ó sì tún un ṣe.