Ìrànlọ́wọ́ fún Àwọn Ogunléndé ní Burkina Faso

Ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ogunléndé ní Burkina Faso ni àpapọ̀ iṣẹ́ tí ìjọba orílẹ̀-èdè náà, àwọn àjọ àgbáyé, ẹgbẹ́ aláàánú àti àwọn ará ìlú ń ṣe fún àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Ouagadougou, olú-ìlú, ni ibùjókòó iṣẹ́ náà. Níbẹ̀ ni ọ́fíìsì àwọn àjọ wà, láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé oògùn àti oúnjẹ ti ń gbéra, ibẹ̀ sì ni a ti ń pinnu ẹni tí a ó kà mọ́ ogunléndé. Ní òpin oṣù kẹta ọdún 2023, ìjọba ka ogunléndé abẹ́lé 2,062,534, èyí tó súnmọ́ ẹnì kan nínú mẹ́wàá gbogbo ará orílẹ̀-èdè náà.

Ṣáájú ọdún 2015

Ọ̀rọ̀ ogunléndé kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ yìí. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, àwọn ọmọ Burkina Faso tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó àti oko kọfí níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sá padà wálé. Ìjọba gbé ètò kan kalẹ̀ láti kó wọn wálé, ó sì pè é ní Bayiri, ọ̀rọ̀ èdè Móòrè tó túmọ̀ sí ilẹ̀ baba ẹni. Àwọn tó padà ju 350,000 lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ọkọ̀ ìjọba gbé nínú wọn. Àwọn yòókù dá ọ̀nà wọn rìn, ilé mọ̀lẹ́bí ni wọ́n sì wọ̀ sí. Àpẹẹrẹ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nígbà tí ogun dé sáàárín ilé fúnra rẹ̀: ẹbí ni ó kọ́kọ́ ń gba ẹni tó ń sá, kí àjọ kankan tó dé.

Ní ọdún 2012, ogun ìhà àríwá Málì lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún Túárẹ́ẹ̀gì àti àwọn ẹ̀yà mìíràn wọ Burkina Faso. Ìjọba àti àjọ UNHCR ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pàgọ́ fún wọn ní Mentao lẹ́bàá Djibo, ní Goudoubo lẹ́bàá Dori, àti ní Sag-Nioniogo tí kò jìnnà sí Ouagadougou. Ní ọdún 2020, ìwà ipá mú kí àgọ́ Mentao àti Goudoubo tú. Ibi tí a fi ṣe ibi ìsádi wá di ibi tí à ń sá kúrò. Ní òpin ọdún yẹn ni a tún ṣí Goudoubo padà.

Ogun wọ ilé

Lẹ́yìn tí àwọn ará ìlú lé Blaise Compaoré kúrò lórí àlééfà ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, ìkọlù àwọn ẹgbẹ́ ajìjàgbara tó ń pe ara wọn ní jagunjagun ẹ̀sìn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2016, wọ́n pa ènìyàn 30 ní hòtẹ́ẹ̀lì Splendid àti ilé kọfí Cappuccino ní Ouagadougou. Ní òpin ọdún kan náà, ẹgbẹ́ Ansarul Islam, tí Ibrahim Malam Dicko dá sílẹ̀ ní agbègbè Djibo, pa àwọn ọmọ ogun 12 ní Nassoumbou.

Ohun tó sọ ìkọlù di ìṣípòpadà ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ẹ̀yà bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ẹ̀yà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2019, lẹ́yìn tí àwọn agbébọn pa olórí abúlé Yirgou, àwọn ẹ̀ṣọ́ ìbílẹ̀ dojú ìjà kọ àwọn Fúlàní tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìjọba ka òkú 49. Àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ènìyàn ní wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ní òpin ọdún 2018, ogunléndé abẹ́lé kò tó 50,000. Ní òpin ọdún 2019 wọ́n ti tó nǹkan bí 560,000. Kí ọdún 2020 tó parí, wọ́n ti ju mílíọ̀nù kan lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ìpakúpa Solhan tún gba ẹ̀mí ènìyàn 132, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ti kà á.

Ibùgbé àti oúnjẹ

Púpọ̀ nínú àwọn ogunléndé kò gbé inú àgọ́. Ilé ìbátan, yàrá tí wọ́n háyà, tàbí ilẹ̀ òfìfo lẹ́yìn ìlú ni wọ́n ń gbé. Kaya, tó wà ní nǹkan bí 100 kìlómítà sí Ouagadougou, gba ogunléndé títí kànga àti ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò fi tó mọ́. Ní Ouagadougou, ìjọba kò dá ibùdó ńlá sílẹ̀ fún wọn. Àwọn tó dé ibẹ̀ fara mọ́ àwọn àdúgbò tí ìjọba kò tíì pín, bíi Pazani ní ìhà àríwá, níbi tí omi ẹ̀rọ àti iná mànàmáná ti ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó jẹ́ àgbẹ̀ tàbí darandaran ní abúlé rẹ̀ wá di alágbàṣe tàbí oníṣòwò kékeré ní ìgboro.

Ibi tí ọ̀rọ̀ le sí jù ni àwọn ìlú tí àwọn agbébọn dó tì. Láti oṣù kejì ọdún 2022 ni wọ́n ti dí ọ̀nà Djibo, tí wọ́n sì ba àwọn orísun omi ibẹ̀ jẹ́. Ewé igbó di oúnjẹ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, wọ́n kọlu ọ̀wọ́ ọkọ̀ tó ń gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀ ní Gaskindé. Ènìyàn 37 ló kú, 27 nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ogun. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Ọ̀gágun Ibrahim Traoré gba ìjọba lọ́wọ́ Paul-Henri Damiba, tí òun fúnra rẹ̀ ti dìtẹ̀ gbàjọba ní oṣù kìíní ọdún kan náà. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ òfuurufú hẹlikópítà ni a sábà fi ń gbé ẹrù dé àwọn ìlú bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà yìí ń gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀, ẹrù tó lè gbé kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ilẹ̀.

Àríyànjiyàn lórí kíka

CONASUR, ìgbìmọ̀ ìjọba fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì, ni ó ń forúkọ ogunléndé sílẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé lè má rí oúnjẹ gbà. Nítorí náà, ìforúkọsílẹ̀ tó falẹ̀ túmọ̀ sí ebi. Nígbà tí Àjọ Nọ́wè fún Ọ̀rọ̀ Ogunléndé (NRC) sọ èyí ní gbangba ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ìjọba dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, ìjọba ológun lé Barbara Manzi, aṣojú àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kúrò nílùú. Ojú tí ìjọba fi ń wo ọ̀rọ̀ náà ni pé òun ni ó ni ilẹ̀, òun ni ó sì yẹ kó darí àánú tó ń wọ̀ ọ́. Àwọn àjọ ní tiwọn ní ẹni tí ebi ń pa ni a kọ́kọ́ ń wò, láìka ìhà tí abúlé rẹ̀ wà sí.

Láàárín àríyànjiyàn yìí, owó kò tó. Fún ọdún 2023, àwọn àjọ béèrè mílíọ̀nù 877 dọ́là. Ohun tí wọ́n rí gbà kò tó ìdajì. NRC fi Burkina Faso ṣe èkíní nínú àkọsílẹ̀ àwọn ìṣòro ogunléndé tí ayé pa tì jù lọ, ní ọdún 2023 àti ní ọdún 2024.

Ìpadàbọ̀ sílé

Láti oṣù kẹta ọdún 2023, ìjọba kò tún gbé iye tuntun jáde fún ogunléndé abẹ́lé. Ohun tó ń tẹnu mọ́ ni àwọn tó padà sí abúlé tí ológun gbà padà. Àwọn mìíràn ti kọjá ààlà lọ sí ìhà àríwá Côte d'Ivoire, Gánà, Tógò àti Benin. Ní ọdún 2023, ilé-ẹ̀kọ́ tó ti tì ju 6,000 lọ, nítorí náà ìpadàbọ̀ ju kí a kó ẹrù sórí ọkọ̀ lọ: ó ń fẹ́ kànga, irúgbìn, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, àti ọ̀nà tí kò sí bọ́ǹbù nínú rẹ̀.

Òǹkàwé Yorùbá kò ní ṣe aláìmọ irú ìtàn yìí. Àwọn ogunléndé Ẹ̀gbá ni wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó ní ọdún 1830, nígbà tí ìlú wọn ti tú. Kò sí ìwé ìforúkọsílẹ̀ nígbà náà. Ní Burkina Faso òde òní, ìwé ti wà. Ohun tí ó kù ni kí orúkọ gbogbo ẹni tí ogun lé wà nínú rẹ̀.