Àbùdá Ohun Èlò Tó Ń Bá Ooru Yí Nínú Ìṣirò Kọ̀ǹpútà

Irin, ike, rọ́bà, kọnkéré: kò sí èyí tí ìwà rẹ̀ dúró sójú kan bí ooru bá ń gbéra. Irin tó gbóná a máa rọ̀, a máa wú, bó ṣe ń gbé ooru kiri náà a sì yí padà. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnjiníà fi ń dán ẹ̀rọ tàbí ilé wò kí wọ́n tó kọ́ ọ, bíi ANSYS àti Abaqus, ń gba ìyípadà yìí láti inú tábìlì: ooru lápá kan, iye àbùdá lápá kejì. Ohun tí ẹni tó ń lò wọ́n bá kọ síbẹ̀ ni wọn yóò gbà gbọ́.

Ní agbègbè Ilo-Awela àti Sango-Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé lásán. Àwọn ilé-iṣẹ́ irin ibẹ̀ ń yọ́ àlòkù irin di ìtì. Ìtì náà á pọ́n yòò jáde nínú iléru ní nǹkan bí 1,100°C sí 1,200°C, àwọn rólà á sì tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi di ọ̀pá ìkọ́lé. Bó bá tutù tán, ọ̀pá kan náà kò ní gbọ́ ti rólà mọ́.

Tábìlì irin tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ń lò ni ti EN 1993-1-2, ìlànà Yúróòpù lórí ilé onírin tí iná bá mú. Ní 20°C, agídí irin, ìyẹn bó ṣe ń kọ̀ láti nà, jẹ́ 210 GPa. Ní 400°C, ẹrù tó lè gbà kí ó tó tẹ̀ láìpadà ṣì pé, ṣùgbọ́n agídí ti já sí ìdá 70 nínú 100. Ní 600°C, ti ẹrù ku 47, agídí ku 31. Wọn kì í jọ wálẹ̀, nítorí náà iye kan ṣoṣo kò lè dúró fún méjèèjì.

Ibi tó ń tan ènìyàn jẹ jù ni iye ooru tí kílò irin kan ń gbà kí ó tó fi dígírì kan gbóná sí i. Jáùlì 440 ni ní 20°C. Ní 735°C, níbi tí ètò inú irin ti ń yí padà, ó fò dé 5,000, ó sì tún wálẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ọgọ́rùn-ún dígírì fo ìlà tábìlì rẹ̀ á kọ 1,008 sí 700°C, á kọ 803 sí 800°C. Ètò náà á fa ìlà gbọọrọ láàárín méjèèjì, òkè náà á pòórá, irin inú kọ̀ǹpútà á sì yára gbóná ju ti gidi lọ. Síbẹ̀, àwòrán èsì aláwọ̀ mèremère tí ètò náà ń yà á ṣì jáde o.

Bí tábìlì bá parí ní 600°C ńkọ́? ANSYS àti Abaqus á di iye tó gbẹ̀yìn mú, ìtì 1,100°C á máa hùwà bí ti 600°C. Ike ò tilẹ̀ gba irú ìyẹn: nǹkan bí 160°C ni oríṣi ike tí à ń pè ní polypropylene ti ń yọ́.

Irin tí a mọ èròjà rẹ̀ ni tábìlì Yúróòpù wà fún. Ara mọ́tò, ẹ̀rọ àtijọ́ àti páànù ló ń wọ inú àlòkù, èròjà rẹ̀ sì lè yàtọ̀ láti ìyọ́ kan sí èkejì. Fún irú irin bẹ́ẹ̀, ó sàn kí a fa àpẹẹrẹ rẹ̀ nínú iléru kékeré, ní oríṣiríṣi ìwọ̀n ooru, kí a kọ ohun tí a bá rí sínú tábìlì.