Kí Ni Hons. Ń Wá Lẹ́yìn Orúkọ Yín?

Ìgbìmọ̀ olóòtú ní kí n kọ nǹkan nípa ìtàn, wọn ò sọ ìtàn wo. Nígbà tí mo ń yẹ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wò fún àtúnṣe, mo rí i pé ọ̀rọ̀ kékeré kan ń tẹ̀ lé orúkọ ọ̀pọ̀ yín bí òjìji: Hons. B.A. Hons., B.Sc. Hons., LL.B. Hons. Tiwa tí a gba ọ̀nà Poly kọjá kò ní in. HND ni wọ́n kọ síwájú tiwa, ó tán. Mo ní kí n tọpa ọ̀rọ̀ náà lọ síbi tó ti wá. Kì í ṣe pé mo ń bínú o. Ó dáa, mo ń bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn náà dùn ju ìbínú lọ.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní Oxford láyé àtijọ́, ìdánwò àṣekágbá ti di àṣà lásán. Ẹni tó bá ti jókòó pẹ́ tó, tó sì sanwó rẹ̀, yóò gboyè lọ sílé. Ọdún 1800 ni wọ́n ṣe òfin tuntun pé kí wọ́n máa dán ọmọ wò dáadáa, kí wọ́n sì máa ya àwọn tó mọ̀ ọ́n jù sọ́tọ̀. Ní 1807 wọ́n pín in sí ọ̀nà méjì: èdè àti ìwé àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù lọ́tọ̀, ìmọ̀ ìṣirò lọ́tọ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Robert Peel, tó di olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà, gba fọ́ọ̀sì kíláàsì nínú méjèèjì. Cambridge ti ń ṣe irú rẹ̀ tiwọn nínú ìṣirò kí ọ̀rúndún yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Ìtumọ̀ ọ́nọ́ọ̀sì nígbà náà kò lọ́jú pọ̀: ọmọ tó kàn fẹ́ yege gba "pass" tirẹ̀, èyí tó fẹ́ iyì lọ jókòó sí ìdánwò tó le jù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì to orúkọ wọn ní ipò ní ipò.

Yunifásítì London ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ọdún 1836 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Láti 1858 ni wọ́n sì ti gbà pé ẹnikẹ́ni, níbikíbi tó bá wà, lè jókòó sí ìdánwò wọn láìwọ kíláàsì wọn rárá. Ẹ ò rí i pé ilẹ̀kùn ńlá nìyẹn. Àìmọye àwọn bàbá wa ló fi àtùpà kẹrosíìnì kàwé London nínú yàrá wọn lálẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ti ibi iṣẹ́ dé. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára wọn. Báyẹn ló ṣe gba B.Com. ní 1944, kó tó kọjá sí London lọ kọ́ ìmọ̀ òfin. Kí London tó dé ọ̀dọ̀ tiwa ni Fourah Bay ní Freetown ti so mọ́ Yunifásítì Durham, ní 1876. Ọbadáyà Johnson wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba B.A. níbẹ̀. Òun ni àbúrò Sámúẹ́lì Johnson, tó tún ìtàn Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ kó jọ nígbà tí àkọ́kọ́ sọnù, tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921.

Nílé níbí ńkọ́? Yaba Higher College ni. Ọdún 1932 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọ, wọ́n sì ṣí i pẹ̀lú ayẹyẹ ní 1934. Wọ́n kọ́ ọmọ níbẹ̀ ní iṣẹ́ ìṣègùn, iṣẹ́ ẹ̀rọ, iṣẹ́ olùkọ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ náà sì le. Ẹni tó bá tẹ̀ síbi kan, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá parí, dìpílómà Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ń fún wọn. Kì í ṣe dìgírì. Àwọn òyìnbó fẹ́ kí wọ́n jẹ́ igbákejì: igbákejì dókítà, igbákejì ẹnjiníà, kí ọ̀gá máa ti ìlú òyìnbó wá. Ọ̀rọ̀ yìí bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó nínú. J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, H. O. Davies àti Samuel Akinsanya, ẹni tó di Ọdẹ́mọ Ìṣarà lẹ́yìn náà, kóra jọ, wọ́n sì dá Lagos Youth Movement sílẹ̀ ní 1934. Nígbà tó di 1936 ó yí orúkọ padà sí Nigerian Youth Movement. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kó yé wa: ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ ko ìjọba amúnisìn lójú lórílẹ̀-èdè yìí, orí ìwé-ẹ̀rí ni ìjà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní dìpílómà kò tó.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Ìbàdàn dùn mọ́ mi. Nígbà ogun Hitler, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ Asquith àti ti Elliot dìde láti wo bí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ṣe lè wà nílẹ̀ àwọn tí wọ́n ń ṣàkóso. Ibẹ̀ ni University College ti Ìbàdàn ti jáde ní 1948. Àwọn ọmọ Yaba ni wọ́n kó wá bẹ̀rẹ̀, 104 péré, ní Ẹlẹ́yẹlé, níbi tó ti jẹ́ ilé-ìwòsàn àwọn ológun nígbà ogun. Kenneth Mellanby ni ọ̀gá àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Mellanby Hall, orúkọ rẹ̀ lẹ ń jẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n so ilé-ẹ̀kọ́ náà mọ́ London. Olùkọ́ Ìbàdàn àti olùdánniwò London jọ ń ṣe ìbéèrè, wọ́n jọ ń yẹ ìdáhùn wò, London ló sì ń fúnni ní dìgírì. Kò sí ẹni tó lè sọ pé èyí kì í ṣe ojúlówó.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Dìgírì London pé méjì. General ni èkíní: ọmọ á mú sabújẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, á sì kọ́ gbogbo wọn dọ́gba-dọ́gba. Ọ́nọ́ọ̀sì ni èkejì: á di ọ̀kan mú, á sì wa ilẹ̀ rẹ̀ jinlẹ̀. Ìbàdàn kò lè kàn jí lówúrọ̀ ọjọ́ kan kó ní òun ń ṣe ọ́nọ́ọ̀sì. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní láti ní olùkọ́ tó tó, ìwé tó tó, àti ilé àyẹ̀wò bó bá jẹ́ ti sáyẹ́ǹsì, kí London tó gbà. Nítorí náà, General ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ àkọ́kọ́ ṣe. Chinua Achebe wọlé ní 1948 láti kọ́ ìṣègùn. Lẹ́yìn ọdún kan ó fi í sílẹ̀, ó mú English, History àti Religious Studies, ó sì gba B.A. ní 1953. Sabújẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ẹ kà wọ́n.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi. J. F. Adé Àjàyí, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, wà lára àwọn tó ti Yaba bá wọn lọ sí Ìbàdàn. Ó parí dìgírì tirẹ̀ níbẹ̀, ó sì tún lọ sí Leicester lọ bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ó gba fọ́ọ̀sì kíláàsì ọ́nọ́ọ̀sì nínú History ní 1955. Ẹ rò ó wò: ọkùnrin tó ti ní dìgírì lọ́wọ́ tún padà sórí bẹ́ǹṣì ọmọ iléèwé nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Wọlé Ṣóyínká náà lo ọdún méjì ní Ìbàdàn, 1952 sí 1954, ó kọjá sí Leeds, ó sì gba ọ́nọ́ọ̀sì nínú English ní 1957. Nígbà tó fi máa di 1960 tí J. P. Clark jáde, ó ti ṣeé ṣe láti gba ọ́nọ́ọ̀sì English ní Ìbàdàn láìwọ ọkọ̀ ojú omi rárá. Christopher Okigbo gba ọ̀nà tirẹ̀: Classics ló kà, èdè Látìn àti Gíríìkì, ó sì jáde ní 1956. Àwọn kan máa ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní kí ni Látìn fẹ́ ṣe fún ọmọ Ojoto. Èmi ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ka ewì rẹ̀ á mọ̀ pé ohun tó kọ́ kò ṣòfò.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ nínú ọ́nọ́ọ̀sì wá di ìjà mìíràn. Ìtàn ta ni ọmọ Ìbàdàn ń wa jinlẹ̀? Àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì àti ogun ilẹ̀ Yúróòpù ló kún inú ìwé. Kenneth Dike dojú kọ èyí. Ìwé rẹ̀ lórí òwò àti ìṣèlú ní ẹnu odò Ọya jáde ní 1956. Kó tó di ìgbà yẹn, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé ìjọba àtijọ́ jọ sí Ìbàdàn, ibẹ̀ sì ni National Archives ti jáde. Ní 1955 wọ́n dá Historical Society of Nigeria sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ìtàn ilẹ̀ Áfíríkà wọ inú ẹ̀kọ́, tí Àjàyí fi padà dé wá bá wọn, tí gbogbo ayé fi ń pè wọ́n ní Ibadan School of History. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, Geoffrey Parrinder ti ń kọ́ ọmọ nípa ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ 1950 síwájú, nígbà tó jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó bá dárúkọ Ifá á jẹ pàṣán.

Òmìnira dé ní 1960, Nsukka sì ṣílẹ̀kùn lọ́dún kan náà. Wọn ò so tiwọn mọ́ London. Àwòṣe Amẹ́ríkà ni Azikiwe fẹ́, Michigan State sì ràn wọ́n lọ́wọ́: ọdún mẹ́rin, ẹ̀kọ́ gbogbogbòò fún gbogbo ọmọ, kí oníkálukú tó wọ inú ẹ̀ka tirẹ̀. Wọ́n tún ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní yunifásítì. Àwọn kan tó ti mọ́ lára ìlànà London yínmú. Ìbàdàn fúnra rẹ̀ kúrò lábẹ́ London ní 1962, ọdún tí Ifẹ̀, Èkó àti Zaria bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìlẹ̀kùn ṣí gan-an. Wọ́n lè mú sabújẹ́ẹ̀tì méjì pọ̀, kí wọ́n pè é ní Combined Honours. Èyí tó jọ mí lójú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ó di ohun tó ṣeé ṣe láti gba dìgírì ọ́nọ́ọ̀sì nínú èdè Yorùbá. Ṣebí èdè yìí kan náà ni wọ́n ń fi ìyà jẹ wá pé a sọ nínú kíláàsì, "vernacular speaker, ten kobo"? Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má dijú, ẹ̀yin náà lẹ gbowó yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí kò sẹ́ni tó pariwo rẹ̀. General kú. Nígbà tí JAMB dé ní 1978, tí 6-3-3-4 sì tẹ̀ lé e, ọdún mẹ́rin di ìlànà fún ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, kò sì pẹ́ tí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo dìgírì fi di ọ́nọ́ọ̀sì. Bí gbogbo ènìyàn bá dé fìlà oyè, ta ni a ó tún mọ̀ ní olóyè? Ojú wá kúrò lára ọ́nọ́ọ̀sì, ó bọ́ sára kíláàsì: two-one ni àbí two-two? Ilé-iṣẹ́ ń kọ ọ́ sínú ìpolówó iṣẹ́ pé ẹni tí kò bá ní two-one kó má wulẹ̀ dá ara rẹ̀ láàmú.

Kí ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Amẹ́ríkà má bàa ṣì í gbọ́: "honors" tiwọn yàtọ̀. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń ṣe é. Frank Aydelotte, tó ti kàwé ní Oxford, ló gbé ọ̀kan tó lókìkí jù kalẹ̀ ní Swarthmore ní 1922: àwọn ọmọ díẹ̀ yóò jókòó yí olùkọ́ ká, wọ́n á jọ jiyàn lórí ìwé, àwọn olùdánniwò láti ìta yóò sì wá dán wọn wò níkẹyìn. Nítorí náà bí ọmọ bá fóònù pé òun wọ honors, ẹ kí i kú oríire. Ìyẹn sún mọ́ ti Peel ju tiwa lọ.

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ tiwa tó lọ sí Poly. Dìpílómà Yaba tó ń bí àwọn Ikoli nínú ní 1934, ibo ló lọ? Nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí Ìbàdàn, ilé-ẹ̀kọ́ tó kù ní Yaba ló di Yaba College of Technology. Ní 1977 ìjọba dá NBTE sílẹ̀ láti máa bójú tó àwọn Poly. Ọdún méjì fún ND, ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, ọdún méjì fún HND. Ẹ ṣírò rẹ̀, ọdún márùn-ún nìyẹn. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ipele 08 ni ẹni tó ní dìgírì ń bẹ̀rẹ̀ sí nínú iṣẹ́ ìjọba, 07 ni ti HND, wọ́n sì fi òrùlé sí i lórí ní ipele 14. Ilé-iṣẹ́ ìròyìn kan tí n ò ní dárúkọ gbà èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ti yunifásítì wá lọ́jọ́ kan náà. Tábìlì kan ni a jọ ń lò, ìròyìn kan náà ni a jọ ń sá tẹ̀ lé. Owó oṣù rẹ̀ fi ti tèmi sílẹ̀ láti oṣù kìíní. Nígbà tí mo bi ọ̀gá wa léèrè, ó ní, "Òun ní ọ́nọ́ọ̀sì." Ó tán níbẹ̀. Bí mo bá sì fẹ́ ṣe másításì, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ ṣe PGD, gẹ́gẹ́ bí Àjàyí ṣe lọ sí Leicester.

N ò sọ pé kí wọ́n pa ọ́nọ́ọ̀sì run o. Kí ènìyàn di ìmọ̀ kan mú kó sì wa ìdí rẹ̀, ohun tó dára ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé àríyànjiyàn 1934 kò tíì parí. Ojú ẹni tó mú ọ̀pá náà dání ló yí padà, láti òyìnbó sí ọmọ wa.

Ìgbìmọ̀ olóòtú ń wá ìwé ìdánwò London, àwòrán Ẹlẹ́yẹlé, tàbí lẹ́tà àtijọ́ láti ìgbà U.C.I. Bí àwọn òbí yín tàbí àwọn olùkọ́ wa tó ti di olóògbé bá fi irú rẹ̀ sílẹ̀ nínú àpótí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ wá sí àpéjọ tó ń bọ̀. Ojúlówó tirẹ̀ kó wà nílé yín o, a ti mọ bí nǹkan ṣe ń sọnù lọ́wọ́ ìgbìmọ̀.