Walworth, Guy's àti Ẹ̀jẹ̀ Tó Ń Dì

Àárín ilé ìwòsàn méjì ni Walworth wà: Guy's lápá àríwá, King's ní Denmark Hill lápá gúúsù. Ní Guy's ni James Blundell, dókítà agbẹ̀bí, ti fa ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sí ẹlòmíràn lára ní 1818. Ọkùnrin tó gbà á kú. Ní 1829, ìròyìn jáde pé Blundell rí obìnrin kan gbà là, tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ.

Dídì ẹ̀jẹ̀ ló ń bá Blundell jà jù. Ẹ̀jẹ̀ kì í dúró de dókítà. Kò pẹ́ tó bá jáde, yóò ti dì sínú ọ̀pá. Oríṣi ẹ̀jẹ̀ sì rèé, kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nígbà náà.

Ní 1914, Albert Hustin ní Brussels àti Luis Agote ní Buenos Aires lo sodium citrate. Ńṣe ló ń di kálísíọ̀mù mú. Láìsí kálísíọ̀mù, àwọn ẹ́ńsáìmù tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kò rí iṣẹ́ ṣe. Òun ṣì ni wọ́n ń fi sínú àpò ẹ̀jẹ̀ títí dòní.

Lọ́dún 1921, King's ké sí ẹgbẹ́ Red Cross Camberwell: wọ́n ń wá ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Percy Lane Oliver, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, kó ènìyàn lọ, ẹ̀jẹ̀ nọ́ọ̀sì kan sì bá ti aláìsàn mu. Inú ilé Oliver ní Colyton Road, Peckham Rye, ni ètò ìfiẹ̀jẹ̀tọrẹ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ọ̀gá nínú àwọn ẹ́ńsáìmù tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ni thrombin, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì mọ sórí dídì nìkan. Ó máa ń pe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun wá síbi ọgbẹ́, ó sì ń mú kí ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ gbé ohun tí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ jáde. Ní 1991, ẹgbẹ́ Shaun Coughlin ní San Francisco fi bó ṣe ń ṣe é hàn: thrombin a gé orí prótéènì kan tó wà lára sẹ́ẹ̀lì, apá tó ṣẹ́kù a sì tan án fúnra rẹ̀. Ọgbọ́n burúkú! Nínú àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde, tí ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ní Walworth àti Peckham mọ̀ dunjú, irú lílẹ̀ mọ́ ògiri bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ń dí iṣan, tí ìrora fi ń dé.

Àwọn kan nínú àwọn tó ní àrùn náà ń gba ẹ̀jẹ̀ ọlọ́rẹ déédéé. Láti 1999 ni wọ́n sì ti ń sẹ́ sẹ́ẹ̀lì funfun kúrò nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fi tọrẹ nílẹ̀ Bìrìtéènì, nítorí ìbẹ̀rù àrùn ọpọlọ tó tara ẹran màlúù wá.